Ọ̀dà Tí Kò Gbẹ

Ní ọdún 2006, kò sí ilé tó dán tó ilé àwọn Fàsásì ní gbogbo Lásùnwọ̀n, ní Ìkòròdú. Ṣọ́ọ̀bù ló tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́bàá títì, fúláàtì wà lókè. Páànù tó ti dógùn-ún ti lọ, tuntun ti dé. Fèrèsé onígi ti lọ, onígíláàsì ti dé. Wọ́n wá kùn ún ní ọ̀dà funfun látòkè délẹ̀, ó funfun báláú bí aṣọ ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àwọn ọlọ́kadà tó bá ń kọjá á dẹ ìrìn díẹ̀, wọ́n á gbójú sókè wò ó bí ẹni ń wo arẹwà obìnrin.

Ṣùgbọ́n Mobọ́lájí, ẹni tó tún ilé náà ṣe, kò ní ìsinmi. Bó bá ń jẹun lọ́wọ́, á dìde. Bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á máa sá lọ síbi ògiri. Á jáde lọ dúró síwájú ilé, á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri náà, á tún wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ọn.

Ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà náà ló ń bà á lẹ́rù.

Nígbà tí bàbá Mobọ́lájí kú, àwọn gbájúẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn wá wo ilé náà bíi pé àwọn ló kọ́ ọ. Màmá Kúbúrátù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, kò bá wọn jà. Ó pe ẹni tó ń kọ pátákó, ó ní kó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri, bí wọ́n ti máa ń kọ ọ́ káàkiri Èkó: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Màmá ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Èrè òwò aṣọ tó ṣe nígbà èwe rẹ̀ wà nínú búlọ́ọ̀kù ilé náà. Òun àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ kọ́ ọ, ibẹ̀ ló sì ti ń retí àtidarúgbó.

Lọ́jọ́ kan ni Mobọ́lájí wá bá a, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ilé yìí ti gbó. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe. Ẹ lọ sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn èèyàn yín ní Agbówà."

"Di ìgbà wo, Àkànní?" Àkànní ni oríkì tí Màmá fi ń pè é láti kékeré.

"Títí ọ̀dà á fi gbẹ ni, Màmá."

Màmá gbà á gbọ́. Ó ká ẹní rẹ̀, ó mú kẹ́tùlù tó fi ń ṣe àlùwàlá, Mobọ́lájí fúnra rẹ̀ ló sì gbé àpótí rẹ̀ dé inú mọ́tò.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, Màmá á yá fóònù Tìrìmísíyù, àgbẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá kan ní Agbówà, á pe Ìkòròdú.

"Àkànní, ọ̀dà ti gbẹ?"

"Ó kù díẹ̀, Màmá. Ọyẹ́ ni kò jẹ́."

"Ọyẹ́? Ọyẹ́ tó gbẹ ètè mi yìí ni kò lè gbẹ ọ̀dà?"

Mobọ́lájí á wúkọ́, á ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dáa. Nígbà tí ọyẹ́ lọ tí òjò dé, ó ní òjò ni.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kí wọ́n tó ki búrọ́ṣì bọ ọ̀dà rárá ló ti ń wá ẹni tó máa ra ilé náà.

Ìfẹ́ ló tì í sí i, tàbí ohun tó ń pè ní ìfẹ́. Tẹ́milọ́rùn lorúkọ ọmọbìnrin náà. Ó ń ránṣọ ní Ẹ̀pẹ́, ọmọ àwọn apẹja tó ti etíkun Ìlàjẹ wá tẹ̀dó sétí ọ̀sà ni, ìyá rẹ̀ sì ń ta ẹja lọ́jà Ẹ̀pẹ́. Ojú rẹ̀ mọ́ roro bí omi ọ̀sà kí ọkọ̀ kankan tó gbà á kọjá láàárọ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín, eéjí rẹ̀ á yọ, Mobọ́lájí á sì gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Ó ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun máa kọ́ ilé kan fún un lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ilé tí fèrèsé rẹ̀ máa kọjú sí omi. Ilé Lásùnwọ̀n ni yóò di ilé yẹn. Tẹ́milọ́rùn kò mọ̀. Ó rò pé Mobọ́lájí nìkan ló ni ilé tó ń tà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì dúró síwájú ilé náà. Oòrùn ń wọ̀, ó kun ògiri funfun náà ní àwọ̀ oyin.

"Bọ̀ọ̀dá Bọ́lájí, ara yín kì í balẹ̀ mọ́. Kí ló ń lé yín?"

"Iṣẹ́ ni, Tẹ́mi."

"Iṣẹ́ ti parí, ẹ ṣì ń sáré. Mo ti ń bẹ̀ yín tipẹ́ pé kí ẹ fi ọkàn yín fún Jésù. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìsinmi wà."

Mobọ́lájí rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ kí n ta ilé yìí tán ná. Jésù á dúró dè mí. Àbí ó ń lọ síbì kan ni?"

Tẹ́milọ́rùn kò bá a rẹ́rìn-ín. "Òun kò lọ síbì kankan. Ẹ̀yin lẹ ń lọ." Ó wá na ìka sí ògiri. "Kí ló ń pọ́n lábẹ́ ọ̀dà yẹn?"

Mobọ́lájí sún mọ́ ọn. Lóòótọ́, nǹkan kan ń pọ́n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ níbẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ lára báńdéèjì.

"Iyẹ̀pẹ̀ ló ta sí i," ló wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe àwọn akunlé, wọ́n tún un kùn. Òjò rọ̀, ó tún yọ. Wọ́n tún un kùn. Òjò rọ̀.

Àwọn olùdókòwò dé láti Èkó lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Òjò ti rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n da owó pọ̀, kí wọ́n ra irú ilé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa gba owó ilé àti owó ṣọ́ọ̀bù lórí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó ni olórí wọn, ọkùnrin sísanra tó fẹ́ràn yẹ̀yẹ́. Ó ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi. Ó fi kọ́kọ́rọ́ jíìpù rẹ̀ kan táìlì kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí gbọ́ ìró rẹ̀ bí dókítà. Ó lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Bọ̀bọ́, o mọ nǹkan í ṣe o. Ta ló bá ọ dá sí i?"

"Kò sẹ́ni tó bá mi dá sí i, sà. Ọwọ́ mi nìkan ni," Mobọ́lájí dáhùn, àyà rẹ̀ sì wú.

Wọ́n wá bọ́ síta láti tún wo ilé náà níwájú. Adéòjó dúró. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Ẹ wá bá mi kà á. Àbí ojú mi ni?"

Fáṣínà, ọ̀kan nínú àwọn tó bá a wá, gbójú sókè, ó kà á bí ọmọ iléèwé: "Ilé... yìí... kì í ṣe... títà."

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló ti yọ. Ó pọ́n fòò lábẹ́ funfun, kò sí lẹ́tà kan tó sọnù nínú rẹ̀.

"Ẹ ò rí nǹkan," Adéòjó ń rẹ́rìn-ín. "Àwa wá ra ilé, ilé ní òun ò bá wa lọ."

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, sà. Ẹ mọ bí Èkó ṣe rí."

"Mo mọ̀. Ta ló kọ ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, sà."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Adéòjó. "Pè wọ́n wá. Kí wọ́n jókòó níwájú mi, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn fọwọ́ sí i. Mo ti ra ilé ẹbí rí, ojú mi rí tó. Lọ́jọ́ tí mo kó ẹrù dé, ìyàwó bàbá kan gbé odó jáde, ó jókòó lé e lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní."

Mobọ́lájí wo ògiri. Ó ro ilé tó kọjú sí omi. Ó ro eéjí Tẹ́milọ́rùn. Ahọ́n rẹ̀ sì sáré kọjá ọkàn rẹ̀.

"Wọ́n ti kú, sà."

Àwọn ọkùnrin náà ṣí fìlà. "Ẹ̀yà," ni Adéòjó wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á dá ẹ̀yin sí."

"Àmín, sà. Ẹ ṣé."

Wọ́n ní àwọn máa padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè láti parí ọ̀rọ̀. Jíìpù wọn lọ, ó ku Mobọ́lájí nìkan níwájú ilé. Ó ti gba ìkíni òkú lórí ẹni tó wà láàyè. Ó ti ṣe àmín sí i.

Ọ̀sán pọ́n. Àwọn tó lọ kírun Jímọ̀ ti ń bọ̀, ẹní lábẹ́ apá. Mobọ́lájí gbé fóònù rẹ̀ lé tábìlì, ó ń wò ó. Àkókò tí Màmá máa ń pè tó, fóònù kò dún. Àkókò náà kọjá, kò dún. Ohùn tó ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá ló wá ń wù ú gbọ́, bí omi ṣe ń wu ẹni tí òùngbẹ fẹ́ pa. Ká ní Màmá lè pè lẹ́ẹ̀kan péré, kó bi í bóyá ọ̀dà ti gbẹ.

Ó pe fóònù Tìrìmísíyù. Kò lọ. Ó tún pè é. Kò lọ.

Ó ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, "Ẹnu mi ló pa wọ́n. Ẹnu èmi ni." Kò ti ilẹ̀kùn tó fi jáde. Ó sáré dé gáréèjì, ó wọ mọ́tò Agbówà. Obìnrin kan gbé agbọ̀n lé e lẹ́sẹ̀, kò mọ̀. Kọ̀ǹdọ́ ń pè é, kò gbọ́. Ohun tó ń gbọ́ nínú ìró ẹ́ńjìnnì kò ju ọ̀kan lọ: wọ́n ti kú, sà, wọ́n ti kú, sà.

Ilẹ̀kùn yàrá Màmá ṣí sílẹ̀. Àpótí rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kẹ́tùlù àlùwàlá kò sí níbẹ̀. Ẹní rẹ̀ wà ní kíká, wọ́n gbé e dúró ti ògiri, bí wọ́n ti ń ṣe sí yàrá ẹni tí kò ní padà wá mọ́.

Mobọ́lájí wó lulẹ̀ sínú ẹrẹ̀ àgbàlá náà pẹ̀lú ṣòkòtò tó fi pàdé àwọn olówó. Ẹkún ń gbọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń ti oko bọ̀, tó gbé àdá léjìká, ti bá a.

"Ìwọ ni Àkànní ọlọ́dà?" Tìrìmísíyù ni. "Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́ nínú àgbàlá yìí. Ọ̀dà ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Màmá ńkọ́?"

"Láàárọ̀ àná, wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́. Wọ́n ní àwọn máa lọ fọwọ́ ara àwọn kan ọ̀dà náà. Wọ́n dúró de mọ́tò Ìkòròdú títí oòrùn fi mú wọn, ni wọ́n bá ṣubú. Ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò Ẹ̀pẹ́, ó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́hùn-ún."

"Wọ́n wà láàyè?"

"Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ibi tí mo ti ń bá wọn gbé Màmá ni fóònù mi ti já sínú gọ́tà."

Láti Agbówà dé Ẹ̀pẹ́, Mobọ́lájí kò jókòó dáadáa lórí àga. Ó ń bá Ọlọ́run tí kò mọ̀ sọ̀rọ̀. Kò béèrè ilé. Kò béèrè olówó.

Ẹni àkọ́kọ́ tó rí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni Tẹ́milọ́rùn. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kẹ́tùlù àlùwàlá Màmá sì wà lórí itan rẹ̀. Ojú tó máa ń mọ́ roro ti pọ́n.

"Mobọ́lájí." Kò pe bọ̀ọ̀dá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ra, kò pe orúkọ rẹ̀ lásán rí. "Orí wọn wà láyà mi nínú mọ́tò, orúkọ ẹnì kan ni wọ́n ń pè. Mo ní, Màmá, ta ni Àkànní? Wọ́n ní Mobọ́lájí Fàsásì ni, ní Lásùnwọ̀n, pé ó ń kun ilé àwọn, ọ̀dà rẹ̀ kò sì gbẹ. Ìbínú kò jẹ́ kí n pè ọ́."

"Tẹ́mi, tìtorí rẹ ni. Ilé ni mo fẹ́ kọ́ fún ọ, kí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi."

"Má fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ṣe ẹ̀bùn fún mi." Omi ń dà lójú rẹ̀. "Wọlé lọ. Wọ́n ń retí rẹ."

Màmá dùbúlẹ̀, omi tí wọ́n fi sí i lára ń kán tó tó tó. Ó la ojú, ó wo Mobọ́lájí látorí dé ẹsẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀.

"Àkànní. Ọ̀dà ti gbẹ?"

Mobọ́lájí dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, ọ̀dà ti gbẹ tipẹ́. Irọ́ ni mo ń pa. Mo fẹ́ ta ilé yín ni."

"Mo mọ̀," ni Màmá wí.

Ó gbójú sókè. "Ẹ mọ̀?"

"Ṣé mi ò kun ilé rí ni? Láti oṣù àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Mò ń bi ọ́ kí o lè rí àyè sọ òótọ́ ni. Bí mo bá ti kírun tán, màá ní, bóyá tòní ni Àkànní á sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Mobọ́lájí ju èébú lọ. Ó tẹ́nu mọ́lẹ̀, ó jẹ́wọ́ èyí tó kù. "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ wà láàyè yìí, mo pè yín ní òkú láàárọ̀ yìí. Wọ́n kí mi kú ará fẹ́ra kù. Mo gbà á."

Ẹ̀rín kékeré kan yọ lẹ́nu Màmá tó gbẹ. "Wọ́n mú nǹkan dání wá kí òkú mi?"

"Rárá, Màmá."

"Ahun ni wọ́n. Lọ dá ìkíni wọn padà fún wọn." Ó wá na ọwọ́, ó fi kan orí rẹ̀. "Mo ti dárí jì ọ́, Àkànní. Dìde, o ń da ẹrẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì."

Kò lè dúró nínú yàrá náà. Ó jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé èbúté, níbi tí àwọn alájàpá ẹja ti ń palẹ̀ mọ́. Tẹ́milọ́rùn, tó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀ lé e.

"Wọ́n dárí jì mí," ló wí. "Kí ló dé tí ara mi kò tíì balẹ̀?"

"Nítorí pé Màmá nìkan kọ́ lẹ pè ní òkú, Bọ̀ọ̀dá Bọ́lájí." Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Bí ẹ ṣe ń gbé ayé yín, ó dà bíi pé Ọlọ́run náà ti kú, pé kò sẹ́ni tó máa béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín mọ́. Jésù kú lóòótọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ yín ló kú fún lórí igi. Ṣùgbọ́n ó jíǹde, ó sì ń pè yín bí Màmá ṣe ń pè yín. Ó ti mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà. Ó kàn fẹ́ kí ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́ ni."

Mobọ́lájí kúnlẹ̀ lórí pákó èbúté, lórí omi àti ìpẹ́ ẹja. Kò mọ àdúrà gígùn. "Jésù, ilé mi funfun níta, inú rẹ̀ kò dáa. Mo ti purọ́, mo ti gbéra ga, mo ti ta ẹni tó tọ́ mi. Mi ò lè kun ara mi mọ́. Dárí jì mí. Gbà mí, kí o sì máa gbé inú mi." Nígbà tó ṣe àmín, ó jókòó síbẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Màmá ti kúrò nílé, ọwọ́ rẹ̀ kò wá nǹkan kan tó máa fọwọ́ kàn.

Níbẹ̀ náà ló ti pe Adéòjó.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ dá ìkíni yín padà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò kú."

"Wọ́n jí ni?"

"Rárá, sà. Èmi ni mo kú. Èmi náà ni mo jí. Ilé náà kì í ṣe tèmi nìkan, kì í sì í ṣe títà."

"O fi epo mọ́tò mi ṣòfò láti Èkó, o tún ń wàásù fún mi. Má pè mí mọ́ láyé rẹ." Ó pa fóònù.

Bí ilé tó kọjú sí omi ṣe lọ nìyẹn. Mobọ́lájí wo Tẹ́milọ́rùn. "Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé o ṣì máa fẹ́ mi?"

Ọmọbìnrin náà wo ọ̀sà, kò wò ó. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀dà yìí á gbẹ."

Nígbà tí ara Màmá yá, wọ́n mú un padà sí Lásùnwọ̀n. Mobọ́lájí ti gun àkàbà pẹ̀lú agolo ọ̀dà pupa, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún gbogbo lẹ́tà náà kọ. Kò gún tó ti àkọ́kọ́. Màmá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó rìn lọ síbi ògiri, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sì yí ọwọ́ náà padà wò.

"Ó ti gbẹ," ló wí, ó sì wọlé rẹ̀ lọ.

Tẹ́milọ́rùn dúró lẹ́yìn pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ kan àyà Mobọ́lájí, fẹ́rẹ́ báyìí, ó yí i padà wò. Eéjí rẹ̀ yọ.

"Ó ti ń gbẹ," ló wí.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ìwé yìí, mi ò mọ ọ̀dà tí o fi bo tìrẹ. Ó lè jẹ́ aṣọ tí ò ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tàbí ẹ̀rín tí ò ń rín kí ẹnì kankan má baà bi ọ́ léèrè. Ó lè jẹ́ ìfẹ́ gan-an ló mú ọ ṣe ohun tí o ṣe. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ara rẹ kò balẹ̀. Ọwọ́ rẹ ń lọ síbi ògiri ní gbogbo ìgbà.

Ọkàn rẹ kì í ṣe títà. Jésù ti rà á, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi kọ ọ́ sí i lára. Bí o bá fẹ́, tún un kùn. Á yọ.

Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, kí òjò mìíràn tó rọ̀. Ó ti mọ gbogbo rẹ̀, kò sì bínú kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Sọ fún un pé o ti purọ́, pé o kò lè tún ara rẹ ṣe, kó wọlé wá. Lónìí náà, ó tún ń pè ọ́. Má sọ fún un pé ó kù díẹ̀.